Kí là ń pè ní igbá gan-an? Ẹ bá wa dá sí i

ỌmọÀkẹ̀sán
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi dá ẹjọ́ kan kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti fẹ́yàwó. Màmá mi wà lọ́dọ̀ wa, wọ́n wá ní kí ìyàwó mi bá àwọn gbé igbá wá kí àwọn fi ṣa ẹ̀wà, ìyàwó mi gbé abọ́ rọ́bà búlúù kan báyìí tá a fi ń ṣan ìrẹsì jáde, màmá ní igbá làwọn ní kó gbé wá, ìyàwó ní "igbá náà nìyí mà", màmá wò ó, wọ́n wo rọ́bà, wọ́n ní "láti ìgbà wo ni rọ́bà ti di igbá?" Kò tíì dìjà o, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, ṣùgbọ́n mo mọ irú ẹ̀rín yẹn. Kí ni igbá gan-an? Ṣé èyí tó hù lóko yẹn nìkan ni àbí ohunkóhun tó bá ti rí roboto tó sì ní ikùn? Àti pé igbákejì gómìnà tí wọ́n ń pè lórí rédíò, igbá wo ló wà níbẹ̀?

ÌyáÌbejìArada
Ìyàwó ẹ jàre o. Rọ́bà lèmi ń tà ní ọjà Arada níbí, mi ò rántí oníbàárà tó dé tó ní "ẹ fún mi ní rọ́bà". "Màmá, èló ni igbá onílà yẹn", "ẹ bá mi mú igbá tó ní ọmọrí", bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn láti àárọ̀ dalẹ́. Èyí tá ò kì í pè ní igbá ni abọ́ ìjẹun, ìyẹn kékeré tí èèyàn lè gbé lé itan, àti àwo tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Tí ẹnu ẹ̀ bá ti fẹ̀, tí ìdí ẹ̀ rí roboto, tó ṣeé bu nǹkan sí, igbá ni. Tó bá wá tóbi débi tí wọ́n lè wẹ ọmọ nínú ẹ̀, ó ti di báàfù nìyẹn, owó ẹ̀ sì yàtọ̀.

Dèjì_Mẹkáníìkì
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ wá igbá gidi fún màmá ná kí ẹ tó wá ṣèwádìí 😂

TíṣàFẹ̀yìntì
Yorùbá ni mo kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ n dá sí i. Ẹ wò ó, ìtàkùn kan náà ló ń so gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Èyí tó tóbi tó rí roboto, tí wọ́n là sí méjì, òun là ń pè ní igbá. Èyí tó ní ọrùn gígùn tí wọn ò là, tí wọ́n kàn gbẹ́ inú ẹ̀ jáde láti ẹnu tí wọ́n fi ń gbé ẹmu, kèrègbè ni. Kékeré tí wọ́n fi ń mu ẹmu tàbí àgbo, ahá. Èyí tó tún wá kéré gan-an tí àwọn àgbà ń kó oògùn sí, àdó. Ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ tàbí owó ẹyọ hun àwọ̀n yí èyí tó ní ọrùn ká, ó di ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ìtàkùn kan, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sẹ́ni tó máa rí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ onílù táá ní "o mú igbá dání". Ìyẹn ni mo ṣe gbà pé ìrísí àti iṣẹ́ ló fún igbá lórúkọ, ohun tí wọ́n fi ṣe é kọ́. Bí wọ́n bá wá fi rọ́bà ṣe irú ìrísí kan náà fún irú iṣẹ́ kan náà, kí ni ká máa pè é?

Ẹ tún fi èyí kún un. Igi kan wà tí àwọn èèyàn ń gbìn sí ẹ̀yìnkùlé, èso ẹ̀ máa ń so mọ́ ara igi gan-an, a ń pe ìyẹn náà ní igbá, wọ́n sì ń là á lò. Kò bá ìtàkùn wa tan rárá, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni igi yẹn ti wá. Ìtàkùn tiwa ló wá lọ sí Amẹ́ríkà ní tiẹ̀, ó sì ti wà lọ́hùn-ún láti nǹkan bí ọdún 10,000 sẹ́yìn, kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó mọ ọ̀nà. Àwọn onímọ̀ tó yẹ àbùdá ẹ̀ wò sọ lọ́dún 2014 pé ilẹ̀ Áfíríkà ló ti léfòó gba orí òkun lọ. Igbá kì í rì, omi kì í sì í tètè wọnú ẹ̀ ba hóró ẹ̀ jẹ́. Nítorí náà nígbà tí igi àlejò yẹn dé ọ̀dọ̀ wa tí èso ẹ̀ rí roboto tó ṣeé là, a ò wá orúkọ míì fún un. Ohun tá a ṣe fún rọ́bà náà nìyẹn.

Onífíngbá
Tíṣà, mo kí yín o, ẹ kú àlàyé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n ta kò yín díẹ̀, torí iṣẹ́ ìdílé wa ni, Ọ̀yọ́ níbí náà ni wọ́n bí mi sí. Lọ́dọ̀ tiwa, orí ìtàkùn ni igbá ti ń jẹ́ igbá. A ń gbin igbá, a ń ká igbá, kó tó di pé ẹnikẹ́ni fi ayùn kàn án. Ẹ ò lè gbin rọ́bà.

Igbá tó bá gbó dáadáa, ẹ fi ìka kàn án, á dún kó, kó. Èyí tí kò gbó, ẹ là á tán ẹ sá a sóòrùn, á kákò, á wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, òfò ni. Tá a bá là á, inú ẹ̀ korò ju ewúro lọ, a máa rì í sómi kí ẹran inú ẹ̀ rà, a óò ha á mọ́, a óò wá sá a. Ẹ̀yìn ìyẹn ni fífín tó wà kàn. Ọ̀bẹ kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni, ẹ ò ní gbà pé òun ló ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn. A óò kọ́kọ́ fa ìlà yí etí igbá ká, kó má wọ́, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá gbọ̀n níbi ìlà àkọ́kọ́ yẹn, gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà a óò máa ha èèpo òkè kúrò díẹ̀díẹ̀ kí funfun abẹ́ ẹ̀ lè yọ, ibi tá ò bá ha ló máa dúró bí àwòrán, aláǹgbá, ejò, ẹyẹ, tàbí kí ìlà kàn máa lọ́ mọ́ra wọn bí irun dídì. Inú ẹ̀ kì í gba iṣẹ́, ìta ni gbogbo ẹ̀ wà. Tí ọmọrí bá wà, ọmọrí ló máa ń gba iṣẹ́ jù torí òun làlejò máa kọ́kọ́ rí. Wọ́n ń wá láti Èkó wá rà á báyìí, wọ́n á gbé e kọ́ ara ògiri, kò sẹ́ni tó ń bu oúnjẹ sí i mọ́. Ṣé igbá tó wà lára ògiri ṣì jẹ́ igbá, Tíṣà, tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ló fún un lórúkọ?

TíṣàFẹ̀yìntì
😀 Ẹ ti gbá mi mú níbẹ̀ yẹn.

Kúnlé_LAUTECH
Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ibi tí 200 ti wá náà nìyẹn, pé láyé owó ẹyọ igbá kan ló ń gba owó ẹyọ 200, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní igba. Ṣé òótọ́ ni?

TíṣàFẹ̀yìntì
Àbúrò, ó dùn ún gbọ́ ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Igbá kì í ga bákan náà, igbá wo ni wọ́n máa fi wọn owó? Orí okùn ni wọ́n ń sín owó ẹyọ sí, okùn kan jẹ́ 40, okùn márùn-ún ló máa fún ẹ ní 200, àádọ́ta okùn sì jẹ́ 2000, ẹgbàá nìyẹn. Ọ̀kẹ́ tí àwọn àgbà ń sọ, àpò owó ni, 20,000 ló wà nínú ẹ̀. Igba tiẹ̀ yìí ìpìlẹ̀ ìṣirò wa ni: ẹgbẹ̀ta jẹ́ igba mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún jẹ́ igba márùn-ún, ẹgbàá jẹ́ igba mẹ́wàá. Òun náà ló wà nínú gbajúmọ̀, ẹni tí igba ojú mọ̀. Kò kan igbá. Ẹ ṣọ́ àmì ohùn o: igba tá à ń kà, igbá tá à ń là, ìgbà tó ń lọ, igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ, ìgbá tá à ń jẹ lẹ́nu ṣàkàṣàkà. Márùn-ún ni, kò sí èyí tó bá èkejì tan.

Ṣadé_Owódé
Ìgbá tá à ń jẹ yẹn ló dá sílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ẹ̀gbọ́n mi fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ láìsí àmì kankan lórí ẹ̀, "ra igba wa fun isomoloruko", igbá tí wọ́n máa kó èèlò ìsọmọlórúkọ sí ni wọ́n ń sọ, ọmọ tí wọ́n rán ra ìgbá kún báàgì. Àwọn àlejò sì jẹ ẹ́ tán o.

Nọ́ọ̀sìRẹ̀mí
Ẹ má gbàgbé onígbáméjì. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, tí mo bá sọ fún àwọn màmá pé kọ́lẹ́rà wọ̀lú, wọ́n á kàn máa wò mí, ṣùgbọ́n tí mo bá ti ní onígbáméjì, ẹ ó rí i tí wọ́n á fi ọwọ́ borí. Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rèé: ẹni tó bá mú ń bì, ó sì ń yàgbẹ́ gbuurugbu lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí àyè láti jáde lọ ṣe é, igbá kan máa wà fún èébì, igbá kan fún ìgbẹ́. Orúkọ tí wọ́n fún àrùn yẹn ti sọ gbogbo ohun tí dókítà fẹ́ mọ̀. Nígbà tó jà ní nǹkan bí 1970 sí 1971 kò sẹ́ni tí wọ́n ń là á yé. Omi ara ló ń gbẹ tó ń pa èèyàn, kì í ṣe èébì fúnra ẹ̀, ẹ tètè fún ẹni náà ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà kí ẹ sì gbé e lọ sọ́sípítù, ẹ má dúró de àgbo.

Dèjì_Mẹkáníìkì
Háà, ọdọọdún ni mò ń gbọ́ onígbáméjì, mi ò ronú kàn án rí pé igbá ló wà níbẹ̀. Mo ti jẹun tán kí n tó kà á, ọpẹ́ ni.

IléArọ́kin
Ẹ̀yin ọmọ Òjò-pa-ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ọmọ Àtìbà, ó yà mí lẹ́nu pé ẹ ti sọ̀rọ̀ igbá dé ibí láì tíì fẹnu kan ààfin. Láyé àtijọ́ ní Ọ̀yọ́-Ilé, ìyẹn Ọ̀yọ́ ti àkọ́kọ́, igbá ni ìwé ìdájọ́ lọ́dọ̀ tiwa. Aláàfin tí Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè àgbà, bá ti kọ̀, wọn kì í bá a jà, wọn kì í sọ̀rọ̀ líle, wọ́n á kàn gbé igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i, tàbí ẹyin odídẹrẹ́, ó ti mọ ohun tó kàn.

Ti Aláàfin Awólẹ̀ ló burú jù. Ìparí ọ̀rúndún 18 ni. Àwọn ọmọ ogun ọlọ̀tẹ̀ tó wà lẹ́yìn Àfọ̀njá, olórí ogun Ọ̀yọ́, yí ìlú ká, wọ́n fi igbá òfìfo tí wọ́n dé lérí ránṣẹ́ wọlé, orí ẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè. Ọba jáde, ó ta ọfà sí àríwá, ó ta sí gúúsù, ó ta sí ìwọ̀ oòrùn, ó gégùn-ún pé gbogbo ibi tí ọfà òun dé ni wọ́n máa kó wọn lẹ́rú lọ. Ó wá gbé àwo amọ̀ kan sókè, ó là á mọ́lẹ̀, ó fọ́ yángá, ó ní "igbá là ń so, a kì í so àwo". Ìyẹn ni pé igbá tó bá fọ́, wọ́n lè fi okùn rán an pọ̀, ṣùgbọ́n àwo tó fọ́ ti fọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí òun sọ kò ní í ṣeé kó padà. Samuel Johnson tó jẹ́ pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́ níbí ló kọ ọ́ sínú ìtàn Yorùbá tó kọ, 1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, òun ti kú láti 1901.

Ẹ wá wo ohun tó ṣe níbẹ̀. Wọ́n fi igbá pè é, ó fi àwo dá wọn lóhùn. Ọba tí ikú ti dé bá, ó ṣì ráyè mú èyí tí wọn kò lè tún ṣe.

ÌyáÌbejìArada
Ara mi bù máṣọ. Mò ń ka ìyẹn lórí káńtà, oníbàárà ń pè mí mi ò gbọ́.

Onífíngbá
IléArọ́kin, ẹ ṣe é gan-an ni. Ẹ jẹ́ n fi bí wọ́n ṣe ń so ó kún un torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè rò pé òwe lásán ni. Igbá tó bá sán, ẹni tó ń so igbá máa fi irin tó mú dá ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó sán, apá ọ̀tún, apá òsì, á wá ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ lọ bọ̀ ọ́ bọ̀, á fà á kó le dan-in. Ilé wa ṣì ní èyí tí wọ́n so láyé ìyá bàbá mi, ojú rírán ẹ̀ ti dúdú, a ṣì ń ko ẹ̀wà sí i. Omi nìkan lẹ ò lè bu sí i. Èyí náà ló jẹ́ kí n máa bá rọ́bà ṣọ̀tá: tó bá fọ́ ẹ máa dà á sí gọ́tà ni.

Àjàní_Bàhíà
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ọmọ Ajílété, Bràsíìlì ni mo wà. Àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà níbí, Candomblé ni wọ́n ń pe ẹ̀sìn ọ̀hún, igbá ni wọ́n ń pe ojúbọ òrìṣà tó wà nínú iyàrá wọn, igbá Ògún, igbá Ọ̀ṣun. Mo ní kí wọ́n jẹ́ n rí i, mo rò pé màá bá igbá tí mo mọ̀. Àwo tánganran ni mo bá, olómọrí, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń bu ọbẹ̀ sí, òkúta òrìṣà wà nínú ẹ̀, omi wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn yìí kò gbọ́ Yorùbá ju orin àti ìkíni lọ o, ṣùgbọ́n igbá kò bọ́ lẹ́nu wọn. Tí tánganran bá lè jẹ́ igbá Ọ̀ṣun ní Bàhíà, rọ́bà ìyàwó ẹ̀gbọ́n ò jẹ̀bi.

ỌmọÀkẹ̀sán
Mo ti ka ìyẹn fún màmá. Wọ́n ní àwọn ará Bràsíìlì jìnnà sílé, ká foríjì wọ́n. Ẹ má gbàgbé igbákejì o, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Kúnlé_LAUTECH
Èmi rò pé tí wọ́n bá la igbá sí méjì, ìdajì kan ni igbá kejì fún ìdajì kejì, wọ́n bá ara wọn mu, èyí tí ọ̀kan bá ṣí, èkejì á dé e. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ki Aláàfin ní aláṣẹ igbákejì òrìṣà.

Ìyálájé_Tákìè
Ó dáa tẹ́lẹ̀ o, ṣùgbọ́n igbákẹta ń kọ́? Igbákẹrin ń kọ́? Ẹ kì í gbọ́ ọ. Ẹ wò ó, tó bá jẹ́ ti kíkà lásán ni, ẹnu wa ì bá máa ká a lọ. Igbá kan kò ṣeé là sí mẹ́ta kí wọ́n tún bára mu. Mo gba ti Kúnlé.

TíṣàFẹ̀yìntì
Ìyálájé, ẹ gbọ́n. Mo fara mọ́ ọn. Ẹ tún gbọ́ gbégbá orókè tí àwọn oníròyìn ń lò fún ẹni tó bá borí, àti gbégbá ìbò fún ẹni tó bá jáde du ipò. Igbá ti wọ òṣèlú ju bí ẹ ṣe rò lọ. Igbá àyà náà wà, èyí tí eegun ìhà yí ká, ó kó ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró sínú bí igbá ṣe ń kó nǹkan sínú. Àwọn kan á ní agbárí náà, igbá orí ni. Mi ò ní bá wọn jiyàn lónìí.

OlóúnjẹÒkèÀdó
Ẹ jẹ́ kémi tó ń ta àmàlà sọ tèmi. Ìgbakọ tá a fi ń bu àmàlà sínú abọ́ àwọn oníbàárà, ara igbá ni wọ́n ti ń gé e láyé àtijọ́, èèkù igbá tí wọ́n gé kékeré, tí wọ́n fá etí ẹ̀ kó má gé àmàlà. Rọ́bà àti irin ló pọ̀ báyìí. Mo ní méjèèjì. Tí èèyàn bá pọ̀ irin ni mò ń lò, torí ó yá. Ṣùgbọ́n ẹ fi omi tutù kan ti igbá kí ẹ tó bu àmàlà, á yọ̀ kúrò lára ẹ̀ gẹ́lẹ́, kò ní lẹ̀, orí ẹ̀ á dán bíi ẹyin. Ti irin máa ń mú díẹ̀ dání nígbà gbogbo, ẹ máa fi ìka ré e kúrò, ojú oníbàárà sì wà níbẹ̀.

Ṣadé_Owódé
Mà, ẹ ti jẹ́ kí ebi pa mí. Níbo gan-an ní Òkè Àdó?

Kúnlé_LAUTECH
Mo tún gbọ́ pé wọ́n ń fi igbá sọdá odò. Ìyẹn ṣá, ẹ má bínú, mi ò gbà á gbọ́.

IléArọ́kin
Gbà á gbọ́. Igbá ràbàtà ni, arìnrìn-àjò á jókòó lé e tàbí kó dì í mú, wọ́n á gbé ẹrù ẹ̀ lé e, atukọ̀ á wà nínú omi ní ẹ̀gbẹ́ kejì, á máa lúwẹ̀ẹ́, á máa tì í. Bí wọ́n ṣe ń sọdá odò Ọ̀ṣun láyé àtijọ́ nìyẹn tí omi bá kún, àwọn òyìnbó ajíhìnrere ya àwòrán ẹ̀. Lókè Ọya lọ́hùn-ún, níbi ọdún ẹja pípa ní Argungu, wọ́n ṣì ń gbé igbá wọ odò, òun ló ń gbé apẹja léfòó.

ỌmọÀkẹ̀sán
Ó dáa, màmá ti ní kí n ra igbá gidi. Onífíngbá, èyí tí kò ní fínfín ni wọ́n fẹ́ o, ti ẹ̀wà ni. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo ra ọ̀kan, kò pẹ́ tó fi bu, inú ẹ̀ yọ funfun, ìyàwó mi dà á nù.

Onífíngbá
Ẹ ò jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó dé e lérí ni. Tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ dojú ẹ̀ dé orí nǹkan tí atẹ́gùn lè gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, ẹ sá a sóòrùn díẹ̀, ẹ má tò ó léra wọn nígbà tó tutù, á bu dandan. Ẹ má bu omi gbígbóná sí i, ẹ má fi kànrìnkàn irin kàn án. Tuntun máa ń korò, ẹ kọ́kọ́ bu omi sí i kó sùn, ẹ dà á nù, ẹ tún un ṣe títí ìkorò á fi lọ, ẹ fi ahọ́n tọ́ omi ẹ̀ wò. Ẹ wá sí ìnbọ́ọ̀sì ká sọ̀rọ̀ iye ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ fún mi pé rọ́bà dínwó jù ú lọ, mo ti mọ̀.